Ọjọ́ Tí Agogo Mi Lé Wọn Sójú Omi

Ojú mi méjèèjì yìí ni mo fi rí ohun tí mo fẹ́ kọ sílẹ̀ yìí. Ẹnikẹ́ni kò sọ ọ́ fún mi. Àwọn kan wà ní Òyìngbò títí di òní tí wọ́n máa ń pa ìtàn ìjì náà bí ẹni pé àwọn ni wọ́n dúró létí omi, bẹ́ẹ̀ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n wà lọ́jọ́ náà. Èmi dúró. Omi mù mí dé orúnkún, kí ó tó mù mí dé àyà. Ìwé kejì péré ni mo kà kí bàbá mi tó kú, ṣùgbọ́n ẹni tó bá rò pé ìwé kejì kò tó láti fi sọ òtítọ́, kó wá bá mi níwájú ilé mi.

Iṣẹ́ akéde ni mo ń ṣe nígbà náà ní Òtò, létí ọ̀sà níbi tí ọkọ̀ ti ń gúnlẹ̀. Baálẹ̀ àdúgbò wa ló gbé agogo lé mi lọ́wọ́, kò sì gbé e fún ẹlòmíràn, nítorí pé láti Ìdó títí wọ Èbúté Mẹ́ta, kò sí ọ̀fun tó tó tèmi. Bí mo bá kígbe létí omi, àwọn apẹja tó wà lọ́hùn-ún réré á gbé àjẹ̀ sókè láti fi dá mi lóhùn. Ọkùnrin kan láti Muṣin wá fẹ́ gba agogo náà lọ́wọ́ mi rí. Baálẹ̀ ní kí àwa méjèèjì kígbe. Ọ̀gbẹ́ni náà kígbe tán, ewúrẹ́ tó wà lójúde kò tilẹ̀ gbórí sókè. Nígbà tó kàn mí, ewúrẹ́ náà já okùn.

Agogo kan ṣoṣo la ní. Òun ni mo fi ń kéde ẹran tó sọnù, òun ni mo fi ń kéde owó orí, òun ni mo fi ń kéde ọjọ́ tí a ó ro ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fi í kéde jù lọ́dún náà ni wòlé-wòlé, àwọn ọkùnrin oníkakí tí wọ́n ń yọjú wo inú ìkòkò omi bóyá ẹ̀fọn ti yé sí i. Bí wọ́n bá rí ìdin kan ṣoṣo tó ń jó nínú omi, wọ́n á fọ́ ìkòkò, wọ́n á sì já ìwé kóòtù fún onílé. Ẹ̀rọ omi jìnnà sí wa, obìnrin kan kò sì fẹ́ da omi tó fi ọrùn rù wálé nù. Nítorí náà, bí wòlé-wòlé bá ti ń bọ̀, tí baálẹ̀ bá rán mi pé kí n lu agogo kí gbogbo ènìyàn ṣílẹ̀kùn dè wọ́n, kò sẹ́ni tó ń dúró.

Èmi ni mo sì kọ́ wọn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ báyìí kí n tó bá ọ̀rọ̀ lọ. Ìyàwó mi ni mo kọ́kọ́ kọ́. Mo ní, "Bí o bá ti gbọ́ agogo mi, má dúró gbọ́ ọ̀rọ̀. Gbé ìkòkò sínú ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ, kí ẹ tù ú lọ sábẹ́ igi ẹ̀gbà tó hù sínú omi lódìkejì, kí ẹ jókòó síbẹ̀ títí wọ́n á fi lọ. Wòlé-wòlé kì í wọ omi." Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Olówó orí mi, orí yín pé." Ó sọ fún ìyá tó wà nílé kejì, ìyẹn sọ fún àbúrò rẹ̀, kò sì tó oṣù méjì tí gbogbo ilé etí omi fi mọ̀ ọ́n. Wọ́n ń fún mi ní ẹja yíyan. Bí mo bá ń kọjá, wọ́n á ní, "Akéde, olóye!" Ó sì dùn mọ́ mi, kí n má purọ́.

Àkọ́rọ̀ òjò kò tíì rọ̀ lọ́dún náà. Lọ́sàn-án ọjọ́ tí mò ń sọ yìí, ooru mú débi pé ajá kò gbó. Mo jókòó lọ́dọ̀ baálẹ̀ nígbà tí akọ̀wé tó ń gba wáyà ní ilé ọkọ̀ ojú irin sáré wọlé. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni, kì í sáré, torí táì tó máa ń so mọ́rùn. Lọ́jọ́ yìí, ó ti di táì náà mú lọ́wọ́.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, wáyà dé láti ìhà ilé wa. Ìjì ti ká òrùlé ọjà lọ lọ́hùn-ún, ọ̀nà ibí ló ń bọ̀. Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n kúrò lójú omi. Gbólóhùn yẹn nìkan ni. Ẹ má fi nǹkan kan kún un."

Mo ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́ mi ni?"

"Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ṣáà yára."

Baálẹ̀ wo ojú ọ̀run ìhà ìlà oòrùn. Ó dúdú bí ìdí ìkòkò. Ó ní, "Lọ."

Mo mú agogo, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í lù ú láti ojúde baálẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo ṣe bí a ti ń ṣe. Ẹni tó jẹ́ iṣẹ́ baálẹ̀ kò gbọdọ̀ já lu ọ̀rọ̀ bí ọmọ tó ń pe ìyá rẹ̀. Mo kí ilẹ̀, mo kí àgbà, mo ní baálẹ̀ kí wọn, ó ní wọ́n kú ooru, ó ní wọ́n kú ọjà àná. Mo fi oríkì ara mi díẹ̀ kún un, nítorí pé mo rí àwọn àlejò lójú ọ̀nà. Mo lu agogo lẹ́ẹ̀kan sí i. Kí n tó wá dárúkọ ìjì, mo ti rìn ju ilé mẹ́wàá lọ.

Lẹ́yìn mi, mò ń gbọ́ ìlẹ̀kùn, gbà, gbà, gbà. Inú mi dùn. Mo sọ lọ́kàn ara mi pé, wo bí wọ́n ṣe ń gbọ́ tèmi.

Ìyá àgbà kan jókòó tó ń sá edé sórí ẹní. Kò mira. Mo ní, "Ìyá, ẹ dìde, ìjì ń bọ̀!"

Ó ní, "Ìjì wo? Kì í ṣe wòlé-wòlé ni?"

"Ìjì ni, ìyá! Ẹ wo òkè!"

Ó wo òkè, ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ó ní, "Yéè. Akéde, gbogbo wọn ti lọ sójú omi o. Ìyàwó tìrẹ ló ṣíwájú. Ó pọn ọmọ, ó gbé ìkòkò méjì."

N kò mọ bí mo ṣe dé etí ọ̀sà. Ọkọ̀ mẹ́rin ti wà lójú omi, ìkòkò kún inú wọn. Omi náà dákẹ́, ó ń dán bí epo. Mo rí gèlè ìyàwó mi nínú ọkọ̀ iwájú, mo sì rí orí kékeré lẹ́yìn rẹ̀. Ọmọbìnrin ni, ọmọ oṣù mẹ́rin.

Mo kígbe pé, "Ẹ padà o! Ìjì ni! Ẹ padà!"

Ohùn mi dé ọ̀dọ̀ wọn. Ìyẹn ló burú níbẹ̀, ó dé ọ̀dọ̀ wọn. Obìnrin kan nínú ọkọ̀ kejì kígbe padà pé, "Akéde, wọ́n ti wà lẹ́yìn yín ni? Ẹ sọ fún wọn pé a lọ sí ìsìnkú!" Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n rò pé mò ń ṣe é lójú wòlé-wòlé ni, kí wọ́n má baà fura sí mi. Ìyàwó mi gbé àjẹ̀ sókè sí mi bí àwọn apẹja ti ń ṣe.

Ni mo bá lu agogo. Mo lù ú kíkankíkan, n kò mọ ohun mìíràn tí ènìyàn ń ṣe. Bí mo ṣe ń lù ú ni wọ́n ń yára tu ọkọ̀. Ó pẹ́ kí ó tó yé mi. Nígbà tó yé mi, mo jù ú sílẹ̀, mo bọ́ agbádá mi, mo ń fì í, mo ń sunkún, mo ti wọ inú omi dé orúnkún. Apẹja kan wà nítòsí tó ń tún àwọ̀n ṣe, ọkọ̀ kékeré kan wà lẹ́bàá rẹ̀. Mo di ọkọ̀ náà mú. Ó di apá mi mú.

Ó ní, "Ìwọ náà fẹ́ kú ni? Wo ohun tó ń bọ̀!"

Mo wò ó. Omi lọ́hùn-ún ti funfun, funfun náà sì ń sáré bọ̀.

Afẹ́fẹ́ ló kọ́kọ́ dé, òjò ṣì wà lẹ́yìn. Ó gbé iyanrìn kún ojú wa, ó sì ru omi sókè dé àyà mi. Páànù ṣí lórí ilé lẹ́yìn wa, ó ń fò kọjá lórí wa bí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, ọ̀kan sì gé igi àgbọn kan já. Mo rí ọkọ̀ kẹrin tó yí dànù. Mo rí ẹ̀kẹta. Ìkòkò tó wúwo ló ń fà wọ́n wọlẹ̀. Kí n tó rí tìyàwó mi, òjò bo gbogbo rẹ̀, n kò rí nǹkan kan mọ́ àfi ọwọ́ ara mi. Èmi tí mo ní ohùn, mo kígbe, n kò gbọ́ ara mi.

Ìjì náà kò pẹ́. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun nígbà tó dé kò ní tíì jẹun tán nígbà tó lọ. Èmi àti apẹja náà tu ọkọ̀ jáde. A gbé obìnrin mẹ́ta lára igi ẹ̀gbà. A bá ìyàwó mi níbi tó ti di ìdí ọkọ̀ tó dojú dé mú. Ọ̀já ti tú lára rẹ̀. Mo fà á wọlé, mo wo ẹ̀yìn rẹ̀, mo tún wò ó.

Ó ní, "Ẹ ní kí n má dúró gbọ́ ọ̀rọ̀."

Kò pariwo mọ́ mi rí lórí ọ̀rọ̀ náà, títí di òní tí irun orí àwa méjèèjì ti ń funfun.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ẹ̀bi akọ̀wé ni, pé wáyà pẹ́. Irọ́ ni. Wáyà kò pẹ́. Àkókò wà. Bí mo bá ti sáré lọ sétí omi lọ́wọ́ òfo, tí mo sọ gbólóhùn kan tí ọmọ yẹn kọ́ mi, ọkọ̀ kankan kì bá tí ṣí. Lẹ́yìn ọjọ́ náà, mo sọ fún baálẹ̀ pé n kò ní fi agogo kéde ojú ọjọ́ mọ́, pé ẹsẹ̀ ni mo máa fi lọ láti ilé dé ilé, àti pé ọ̀rọ̀ ni yóò ṣíwájú ìkíni. Àwọn àgbà kan bínú, wọ́n ní mo ti di aláìlẹ́kọ̀ọ́. Mo ní kí wọ́n wá bá mi ka ohun tó sọnù.

Ọkọ̀ mẹ́ta rì, ọ̀kan fọ́. Ìkòkò mọ́kàndínlógún. Òrùlé ilé méje. Ewúrẹ́ mẹ́rin, àti ẹní edé ìyá àgbà náà pẹ̀lú gbogbo edé orí rẹ̀. Obìnrin méjì, a rí òkú wọn lọ́jọ́ kejì. Ọmọ ọwọ́ kan, tèmi, a kò rí i.