Ogójì Sátidé Nínú Ọjọ́ Kan

Èmi gan-an ni mo kọ́kọ́ fún wọn ní máàkì. Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ọwọ́ mi mọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Yunifásítì mẹ́rin ló para pọ̀, tí wọ́n kọ̀wé sí ìjọba pé kí ìjọba ran àwọn lọ́wọ́. Wọ́n ní àwọn fẹ́ máa kọ́ àwọn olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní àwọn abúlé tó yí Ìlọrin ká, kí wọ́n lè mọ bí a ṣe ń kọ́ ọmọdé ní ìwé kíkà. Sátidé ni ẹ̀kọ́ náà yóò máa wáyé, ogójì Sátidé lọ́dún. Iṣẹ́ ìwé kíkà yìí ni èmi náà ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì tèmi, tí kò sí lára àwọn mẹ́rin náà. Ìdí nìyẹn tí ìjọba fi mú mi sínú ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́ta tí yóò yẹ ìwé wọn wò. Mo jókòó sí pálọ̀ mi ní Fate, láàrin ìgboro Ìlọrin, mo ka ìwé náà, èdè rẹ̀ dùn, mo sì kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé, "Ètò yìí dára púpọ̀. Ó yẹ kí ìjọba dá wọn lóhùn." N kò dé abúlé kankan. Ìjọba fún wọn ní ìrànwọ́ ọdún méjì.

Nígbà tí ọdún méjì pé, wọ́n ní kí ìjọba tún ìrànwọ́ náà ṣe fún àwọn. Ìjọba tún pe àwa mẹ́ta jọ. Alága wa ni ọ̀jọ̀gbọ́n àgbà tó kọ́ mi títí mo fi gba oyè dókítà. Ó ti fẹ̀yìn tì, Bàbá ni mo máa ń pè é. Ẹnì kejì jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti Abuja wá, tí kì í gbójú kúrò lára fóònù rẹ̀. Inú gbọ̀ngàn òtẹ́ẹ̀lì kan la ti pàdé. Alákòóso àwọn yunifásítì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ọ̀jọ̀gbọ́n kan tí ọ̀rọ̀ máa ń dùn lẹ́nu rẹ̀, fi àwòrán hàn wá lára ògiri: àwọn olùkọ́ abúlé nínú aṣọ ìgboyè, tí wọ́n mú ìwé ẹ̀rí dání, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà wọ́n gbé ìrẹsì àti adìyẹ wá. Mo jẹun, mo sì gbádùn rẹ̀.

Ìgbà tí mo ń nu ọwọ́ ni mo béèrè pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé a lè lọ wo ọ̀kan nínú ibi tí ẹ ti ń kọ́ wọn?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ha, Dókítà! Òjò ti gbé afárá ọ̀nà ibẹ̀ lọ. Gbogbo ẹ̀ kúkú wà nínú ìwé tí mo kó fún yín."

Ọyẹ́ ló wà nílẹ̀ nígbà náà. Ètè gbogbo wa ti sán. Ó ju oṣù méjì lọ tí òjò ti rọ̀ kẹ́yìn.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo mú orúkọ abúlé kan nínú ìwé tó kó fún wa, mo wa mọ́tò mi, mo gba ọjà Ipata kọjá, títí ọ̀nà ọlọ́dà fi tán tí eruku bẹ̀rẹ̀. Kò sí afárá tó wó. Kò tilẹ̀ sí afárá kankan lójú ọ̀nà náà.

Mo bá hẹ́dímásítà ilé-ìwé abúlé náà níwájú ilé rẹ̀, òun àti àwọn ará ilé rẹ̀ ń pa ẹ̀pà. Alfa ni, àgbàlagbà tí irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun.

"Àsàlámù àlékúmù," mo wí.

"Wàláékúmù sàlámù. Ẹ káàbọ̀ o."

Mo sọ ẹni tí mo jẹ́ àti ohun tó gbé mi wá. Ó wò mí títí, ó gbọn èèpo ẹ̀pà kúrò lára aṣọ rẹ̀, ó dìde. "Ẹ jẹ́ ká lọ," ni gbogbo ohun tó sọ.

Yàrá ìkàwé méjì ni ilé-ìwé náà ní. Wọ́n ti kun ọ̀kan ní ọ̀dà tuntun, wọ́n kọ orúkọ yunifásítì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sára ilẹ̀kùn rẹ̀, wọ́n sì fi àgádágodo ńlá tì í.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ṣí i, Alfa."

"N ò ní kọ́kọ́rọ́. Àwọn ni wọ́n mú un lọ."

Mo yọjú lójú fèrèsé. Òórùn ló kọ́kọ́ lù mí. Àdán ti sọ ibẹ̀ dilé, ìgbẹ́ wọn bo ilẹ̀, ó bo àwọn àga tuntun tí wọn ò tíì tú ọ̀rá lára wọn. Mo bi í pé níbo ni àwọn ọmọ tó ń lo yàrá yìí tẹ́lẹ̀ wà. Ó fọwọ́ tọ́ka sí abẹ́ igi kan. "Ibẹ̀ ni. Tí oòrùn bá ti ń pa wọ́n, a máa kó wọn mọ́ àwọn tó kù nínú yàrá kejì."

Olùkọ́ obìnrin kan tí ilé rẹ̀ kò jìnnà rí wa, ó sọ omi tó rù kalẹ̀, ó wá bá wa. Òun ni mo rí nínú àwòrán, ẹni àkọ́kọ́ lápá òsì. Mo bi í léèrè ẹ̀kọ́ tí wọ́n kọ́ ọ.

"Ẹ̀kọ́ wo, ma? Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni wọ́n wá. Àkọ́kọ́, wọ́n wá kun yàrá. Ìkejì, wọ́n wọ aṣọ fún wa, wọ́n ya fọ́tò wa, wọ́n gba aṣọ wọn àti ìwé ẹ̀rí náà padà. Wọ́n wá kó ìwé jáde, wọ́n ní ká máa buwọ́ lù ú pé a wá. Ogójì Sátidé, ní ìjókòó kan. Wọ́n ní ká fi bíróò búlúù ṣe díẹ̀, ká fi dúdú ṣe díẹ̀, kó má baà jọ ọjọ́ kan náà. Ọwọ́ ń dùn mí nígbà tí a parí."

"Kí ló dé tí ẹ fi ṣe é?"

"Wọ́n ní tí a bá ti ṣe é, ẹ̀kọ́ á bẹ̀rẹ̀ ní Sátidé tó ń bọ̀." Ó wo ilẹ̀. "Mo wá, ma. Sátidé márùn-ún ni mo gbé ọmọ pọ̀n wá jókòó síbí."

Nígbà tí mo ń padà, mo ní láti dá mọ́tò dúró. Mo bì sí ẹ̀bá ọ̀nà. Kì í ṣe òórùn àdán ló fà á. Adìyẹ wọn tí mo jẹ ni mo ń rántí, àti bí mo ṣe pọ́n ìka lá.

Mo rò pé ojú á ti alákòóso náà nígbà tí mo ro gbogbo rẹ̀ níwájú ìgbìmọ̀. Ojú kò tì í. Ó ṣí fáìlì kan, ó ka ohun tí mo fọwọ́ mi kọ jáde pé ètò náà dára púpọ̀, ó ní, "Dókítà, ta ló kọ èyí? Ṣé ẹ dé abúlé nígbà yẹn?"

Mo ní n kò dé ibẹ̀.

Bàbá wá fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ pé, "Ọmọ mi, rọra. Bí a bá dá owó yìí dúró, ìpínlẹ̀ mìíràn ni wọ́n máa gbé e fún. Ṣé ó dáa kí àwọn ará abúlé wa má rí nǹkan kan?"

"Bàbá, kí ni wọ́n rí? Yàrá méjì ni wọ́n ní. A ti bá wọn ti ọ̀kan pa."

Òṣìṣẹ́ ìjọba wo aago rẹ̀, ó ní òun ò fẹ́ kí bàálù fi òun sílẹ̀. Àwọn méjèèjì buwọ́ lù ú pé kí ìjọba tún ìrànwọ́ náà ṣe, kí wọ́n sì gba ẹgbẹ́ àwọn yunifásítì náà nímọ̀ràn. Èmi kò buwọ́ lù ú. Mo kọ ohun tí mo rí sí ojú ìwé kan lọ́tọ̀, mo fi lé Bàbá lọ́wọ́. Títí di òní, n ò mọ ibi tó wọlẹ̀ sí.

Kò tó oṣù kan lẹ́yìn náà, alákòóso pè mí lórí fóònù bí ẹni pé a kò jà rí. "Dókítà, ẹ wá máa kọ́ wọn fúnra yín. Ẹ̀yin lẹ kúkú mọ iṣẹ́ yìí jù." Mo pa fóònù mọ́ ọn lẹ́nu, mo lọ tutọ́ síbi ìfọwọ́.

Ọkọ mi gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó ní, "Tó o bá kọ̀, ta ló máa jìyà ẹ̀? Ṣé òun ni, àbí obìnrin tó gbé ọmọ pọ̀n yẹn?" Mo bínú sí i fún ọjọ́ mẹ́ta, nítorí mo mọ̀ pé òótọ́ ló sọ.

Mo pe alákòóso padà. Mo ní kí ó fi kọ́kọ́rọ́ lé Alfa lọ́wọ́, kí àwọn ọmọ máa lo yàrá wọn láti Mọ́ńdè dé Jímọ̀. Ó ní, "Kò sí wàhálà," wẹ́rẹ́ báyìí. Ìyẹn gan-an tún kó mi nírìíra: pé gbogbo rẹ̀ rọrùn tó bẹ́ẹ̀ látìgbà yìí wá.

A fi omi àti oògùn apakòkòrò fọ ìgbẹ́ àdán kúrò ní odindi ọjọ́ kan, a bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́. Obìnrin yẹn ló yára gbà á jù, ó sì ti ń kọ́ àwọn yòókù báyìí. Orúkọ mi ti wà nínú ìwé ẹgbẹ́ náà, lábẹ́ orúkọ ẹni tó parọ́.

Lọ́jọ́ Sátidé kan alákòóso wá bẹ̀ wá wò. Àwọn olùkọ́ kúnlẹ̀, wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Alfa tẹ́wọ́ àdúrà, ó ní kí Ọlọ́run fi àlùbáríkà sí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Mo ṣe àmín. Àwọn olùkọ́ ń wò mí lẹ́nu, n ò sì fẹ́ kí wọ́n mọ ohun tó wà nínú mi.