Mo pe màmá mi ní aládùúgbò

Ẹ gbà mí o, ojú ń tì mí débi pé mi ò lè jáde nínú yàrá mi.

Yunifásítì tí mo fẹ́ wọ̀ ní ètò àkànṣe kan fún àwọn ọmọ tuntun tí orí wọn pé dáadáa. Èmi náà kọ̀wé sí wọn. Àárọ̀ yìí ni wọ́n ṣe intáfíù fún mi lórí kọ̀ǹpútà.

Fúláàtì wa ní Mayesbrook, ní Lọ́ńdọ̀nù níbí, ò tóbi. Mo ti bẹ màmá mi tẹ́lẹ̀: "Mummy, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ariwo wà o." Wọ́n ní kò séwu.

Àṣé wọ́n ti pe àwọn ìyá ìjọ sí pálọ̀, pẹ̀lú sùtánà, pẹ̀lú agogo!

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣàlàyé ìdí tí mo fi fẹ́ràn kẹ́místìrì ni agogo dún. "Bàbá Mímọ́, ṣílẹ̀kùn fún Tèmítọ́pẹ́ o!"

Obìnrin tó ń bi mí ní ìbéèrè fi òyìnbó ní, kí ló ń dún yẹn?

Mo yára fèsì pé, ẹ má bínú, àwọn aládùúgbò wa ni.

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ló bá fi Yorùbá tó dán mọ́rán dá mi lóhùn: "Àwọn aládùúgbò ẹ mà fẹ́ràn ẹ o, Tèmítọ́pẹ́. Orúkọ ẹ ni gbogbo wọn ń pè."

Bíi kí ilẹ̀ lanu!

Nígbà tí mo parí, màmá mi yọjú. "Ọmọ mi, ṣé a ò dí ẹ lọ́wọ́? A rọra gba àdúrà náà ni o." Wọ́n ní tí mo bá ti wọ yunifásítì náà, èmi fúnra mi ni màá jẹ́rìí níwájú ìjọ.

Ẹ̀yin èèyàn mi, kí ni kí n dúró síbẹ̀ sọ?