Ohùn Ṣàngódùnní ní Èbúté Ìdí-Ọ̀sán

Ohùn ni wọ́n fi ń mọ atukọ̀ ní èbúté Ìdí-Ọ̀sán. Odò tó ṣàn kọjá lẹ́yìn oko Ìkòyí-Ilé níbẹ̀ yà bàrá kó tó dé èbúté, igbó ọparun sì bo ibi tó ti yà. Ẹni tó bá dúró ní Ìdí-Ọ̀sán ń rí ohun tí omi ń gbé bọ̀ láti òkè. Ẹni tó wà ní òdìkejì, níbi tí mọ́tò Ògbómọ̀ṣọ́ ti ń já èrò, kò rí nǹkan kan lókè àyàfi ọparun. Ṣùgbọ́n òun náà ló ń rí àwọn àpáta àárín odò, tí ará Ìdí-Ọ̀sán kò lè rí. Nítorí náà, kò sí atukọ̀ tí í ti ọkọ̀ sómi láìpè. Á pe orúkọ ara rẹ̀, á bèèrè omi, ẹni tó wà ní òdìkejì á sì dáhùn bóyá kó máa bọ̀ tàbí kó dúró. Èrò tó bá rí i pé wọn kò dá atukọ̀ òun lóhùn, kíá ni yóò gbé ẹrù rẹ̀ bọ́ sílẹ̀, kò sì sí ẹni tó máa bú u.

Fáwọlé, bàbá Ṣàngódùnní, pe omi yìí títí ó fi darúgbó. Ìdílé oníṢàngó ni ìyá ọmọbìnrin náà ti wá, ibẹ̀ ni orúkọ rẹ̀ ti jáde, ṣùgbọ́n inú ọkọ̀ bàbá rẹ̀ ló dàgbà sí. Kó tó mọ irun dì, ó ti mọ àjẹ̀ mú. Ohùn rẹ̀ ki, ohùn bàbá rẹ̀ gan-an. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọkùnrin kan ló gbé ohùn fún un tọ́jú tí kò padà wá gbà á.

Nígbà tó yá, ó lọ sílé ọkọ ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ó bí Olúwatóbi àti Ẹniọlá fún Olúyẹmí, akọ̀wé ọ́fíìsì ìjọba, omi sì di ìtàn tó ń sọ fún àwọn ọmọ. Lẹ́yìn náà ni Sáàpù dé, ètò ọrọ̀ ajé tí ìjọba fi ń dín òṣìṣẹ́ kù. Wọ́n ní kí Olúyẹmí máa lọ sílé, kó lọ sinmi, bí ẹni pé òun ló bẹ̀ wọ́n pé ó rẹ òun. Ọdún yẹn náà ni Fáwọlé kú, ọkọ̀ rẹ̀ sì wà ní ìdojúdé lábẹ́ igi ọ̀sán, tí ewúrẹ́ ń sùn lé e lórí. Ṣàngódùnní wo ọkọ rẹ̀ tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà tó ń ka ìwé ìròyìn ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó wo àwọn ọmọ, ó ní, "Ọkọ̀ bàbá mi wà nílẹ̀. Ọwọ́ mi náà ò sì tíì rọ." Ó fi àwọn ọmọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ bàbá wọn, ó padà sí Ìdí-Ọ̀sán. Ìparí ọ̀sẹ̀ ló ń lọ wò wọ́n l'Ọ́yọ̀ọ́.

Múrítàlá ni alága àwọn atukọ̀ nígbà náà. Ká má purọ́ mọ́ ọn, kì í ṣe èèyàn burúkú. Òun ló ṣáájú àwọn tó gbẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n sin Fáwọlé sí. Ṣùgbọ́n ó gbà pé bí obìnrin bá ti gbé àjẹ̀, iṣẹ́ omi ti bàjẹ́ nìyẹn. Kò lè lé e, nítorí ilẹ̀ bàbá rẹ̀ wà lára ilẹ̀ èbúté. Ó kàn pe àwọn yòókù jọ, ó ní, "Ẹ má bá a jà. Ẹ má bú u. Bó bá pe omi, ẹ má dáhùn." Ọ̀rọ̀ náà dùn létí wọn. Ta ni yóò fẹ̀sùn kan ẹni tó dákẹ́?

Ní àárọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́, ọkọ̀ Ṣàngódùnní kún. Àwọn obìnrin tó ń gbé ẹ̀fọ́ àti iṣu lọ Ògbómọ̀ṣọ́ yọ̀ mọ́ ọn, wọ́n ń kí i ní ọmọ Fáwọlé. Ó dìde dúró nídìí ọkọ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ ká ẹnu, ó pè.

"Ṣàngódùnní rèé o. Omi ń kọ́?"

Atukọ̀ kan tí ń jẹ́ Ògúnyẹmí wà ní òdìkejì, ó ń run orín. Ó rí obìnrin náà, obìnrin náà sì rí i. Ó ń run orín rẹ̀ lọ. Ṣàngódùnní tún pè. Ó pè lẹ́ẹ̀kẹta. Ìyá arúgbó kan ló kọ́kọ́ fa agbọ̀n rẹ̀ mọ́ra.

"Ìyá Tóbi, má bínú," ló wí. "A kì í wọ omi tí kò dáhùn."

Bí wọ́n ṣe bọ́ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan nìyẹn, wọ́n lọ wọ ọkọ̀ Stephen, ẹni tó kéré jù nínú àwọn atukọ̀. Stephen pè, Ògúnyẹmí yọ orín lẹ́nu, ó sì dá a lóhùn kedere. Ìtìjú ọjọ́ náà dun Ṣàngódùnní ju ebi lọ.

Ojú ti Stephen náà. Nígbà tó padà, ó wá bá a níbi tó jókòó sí. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n máa bá yín pè é," ló sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Màá pe orúkọ mi, wọ́n á dáhùn, ẹ̀yin á máa tukọ̀ yín lọ." Ṣàngódùnní dúpẹ́, kò sì gbà. Nígbà tó délé l'Ọ́yọ̀ọ́ tó ròyìn fún ọkọ rẹ̀, Olúyẹmí ní kó gbà.

"Ṣé orúkọ lo fẹ́ jẹ ni àbí oúnjẹ?"

"Bàbá Tóbi, tí nǹkan bá ṣe mí láàárín odò tí mo pariwo, ta ni wọ́n máa wá wò? Ṣé Stephen tó wà létí omi ni? Ẹni tí wọn ò bá lè dá lóhùn, wọn ò ní fà á yọ nínú omi. Orúkọ mi ni mo fẹ́ kí wọ́n dá lóhùn."

Olúyẹmí bá a kó ẹ̀wù rẹ̀ sínú báàgì lọ́jọ́ Ajé.

Láti ìgbà náà, ẹrù nìkan ló ń gbé. Iṣu ò kúkú mọ̀ bóyá wọ́n dáhùn. Lójoojúmọ́ ló ń pè kó tó ṣí, lójoojúmọ́ ni wọ́n ń dákẹ́, òun nìkan á sì wọ inú omi tí kò rí àárín rẹ̀. Ẹ̀rù ń bà á. Ó ń di àjẹ̀ mú débi pé àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bó. Lọ́jọ́ kan, ọkọ̀ rẹ̀ fara gbá àpáta, omi wọlé, ó sì ń gbọ́n ọn títí ó fi gúnlẹ̀, àwọn ọkùnrin ń wò ó láti etí odò. Ẹlòmíràn nínú wọn ò lè jẹun lálẹ́ ọjọ́ yẹn, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti sọ lẹ́yìn náà. Ṣùgbọ́n wọn ò dáhùn.

Ọjọ́ Jímọ̀ kan ni ọ̀rọ̀ náà dé góńgó. Òjò ti rọ̀ mọ́jú, odò ti kún dé ìdí koríko. Àwọn atukọ̀ tó jẹ́ Mùsùlùmí ti lọ kírun ní Ìkòyí-Ilé, àwọn yòókù bá ti ara wọn lọ, Stephen sì ti gbé ẹrù lọ Ògbómọ̀ṣọ́. Ṣàngódùnní nìkan ló kù ní Ìdí-Ọ̀sán, ó ń gbọ́n omi òjò nínú ọkọ̀ rẹ̀. Múrítàlá wà ní òdìkejì. Ó ti lọ mú Sìkírátù ìyàwó rẹ̀ wá láti ilé ìyá rẹ̀, òun àti Ràmọ́tà ọmọ wọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn obìnrin tó ń bọ̀ láti ọjà náà ti wọ ọkọ̀. Ìrun Jímọ̀ ti fẹ́ bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, ó sì ń kánjú.

"Múrítàlá rèé o. Omi ń kọ́?"

Ṣàngódùnní gbé ojú sókè odò. Odindi igi kan ló ń bọ̀, tòun ti gbòǹgbò, ó ń yí bírí nínú omi pípọ́n, kò sì ní pẹ́ kọjá igbó ọparun. Kò rántí ìjà rárá.

"Ṣàngódùnní rèé o. Ẹ dúró, Bàbá Alága. Igi ń bọ̀ lókè."

Múrítàlá wò ó. Ó wò ó dáadáa, lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì ti ọkọ̀ sómi. Ṣàngódùnní rò pé kò gbọ́ ni. Ó tú gèlè orí rẹ̀, ó ń fì í lókè, ó tún pè, ó ní kí wọ́n dúró, igi ni, igi ńlá. Múrítàlá dorí kodò, ó ń tukọ̀ bọ̀. Ó wá yé Ṣàngódùnní pé ọkùnrin yìí gbọ́. Bó bá dúró fún ohùn obìnrin lójú gbogbo èrò yìí, òfin tó ṣe ti tán nìyẹn. Ó fẹ́ kí omi fi òun sílẹ̀ kí òun kọjá láìjẹ́ pé òun dáhùn. Irú ìwà òmùgọ̀ tí àgbà máa ń hù nìyí, tó jẹ́ pé ọmọ ọlọ́mọ ló ń bá a jìyà rẹ̀.

Igi ti dé ẹ̀gbẹ́ ọparun. Ohùn kan wà tí Múrítàlá kò lè ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, nítorí ohùn náà ló kọ́ ọ níṣẹ́. Ṣùgbọ́n a kì í pe orúkọ òkú lójú omi, Ṣàngódùnní sì ti búra pé orúkọ tòun nìkan ni òun máa pè níbẹ̀. Ó mọ̀ pé bí òun bá pe ti bàbá òun, ọwọ́ òun fúnra òun ni òun fi pa ohun tí òun ń jà fún. Ó wo orí Ràmọ́tà tó yọ lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ ká ẹnu.

"Fáwọlé rèé o. Dúró."

Àjẹ̀ dúró lókè. Lẹ́yìn náà ni Múrítàlá tì í bọ omi pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀, ó sì yí orí ọkọ̀ padà. Igi náà kọjá níwájú wọn, gbòǹgbò rẹ̀ ha ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, omi rọ́ wọlé, àwọn obìnrin sì di ara wọn mú. Wọ́n gúnlẹ̀ padà sí ibi tí wọ́n ti ṣí. Bí à ń jà, bíi ká kú kọ́. Ṣàngódùnní jókòó sínú ẹrẹ̀, ó sunkún, ìbínú sì pọ̀ nínú ẹkún náà ju ayọ̀ lọ.

Nírọ̀lẹ́, àwọn atukọ̀ ránṣẹ́ pè é sábẹ́ igi ọ̀sán. Ó rò pé wọ́n fẹ́ dúpẹ́ ni. Ògúnyẹmí ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ó ní Ṣàngódùnní ti pe òkú sórí omi, kó ṣe ètùtù, kó sì gbé ọkọ̀ rẹ̀ kúrò ní èbúté. Àwọn kan mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Múrítàlá ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ṣàngódùnní fẹ́ fèsì nígbà tí Sìkírátù yọ sí wọn, tó kúnlẹ̀ síwájú ọkọ rẹ̀. Obìnrin kì í wá síbi ìpàdé wọn.

"Ẹ̀yin bàbá, ẹ má bínú. Bàbá Ràmọ́tà, ẹ̀yin ni mo fẹ́ bi. Ìgbà tó kọ́kọ́ pè, tó pe orúkọ ara rẹ̀, mo sọ fún yín pé ó ní ká dúró. Ẹ ní ẹ ò gbọ́ nǹkan kan. Ṣé ẹ ò gbọ́ lóòótọ́?"

Múrítàlá fi ọwọ́ nu ojú.

"Mo gbọ́," ló wí nígbẹ̀yìn. "Mo gbọ́ ọ láti ìgbà àkọ́kọ́."

Ògúnyẹmí wú ikọ́, ó mú ọgbọ́n kan wá. Ó ní kí gbogbo ẹ̀ parí síbẹ̀: kí Ṣàngódùnní máa pe Fáwọlé, àwọn á sì máa dá Fáwọlé lóhùn. Ìyẹn tẹ́ gbogbo wọn lọ́rùn. Wọ́n yíjú sí i bí ẹni tó fún èèyàn ní ẹ̀bùn.

"Ẹ̀yin lẹ sin bàbá mi," ni Ṣàngódùnní wí. "Ẹ ò lè máa dá òkú lóhùn kí ẹ máa dákẹ́ fún alààyè. Bí n kò bá ní orúkọ lẹ́nu yín, ẹ jẹ́ kí n mọ̀." Ó tún ìró rẹ̀ ró, ó lọ sílé. Kò sùn dáadáa. Ó ti pinnu pé bí wọn ò bá dá òun lóhùn láàárọ̀, òun á ta ọkọ̀ náà, òun á padà sí Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́.

Ilẹ̀ mọ́, ọjọ́ ọjà ni. Múrítàlá ti tètè kọjá sí òdìkejì, òun ló kàn láti jókòó síbẹ̀. Sìkírátù ló kọ́kọ́ wọ ọkọ̀ Ṣàngódùnní, ó gbé Ràmọ́tà lé ẹsẹ̀. Ìyá arúgbó ọjọ́sí tẹ̀ lé e. Àwọn yòókù wo ara wọn, wọ́n sì wọlé. Ṣàngódùnní wo òkè odò, ó mọ́. Ó dìde dúró, ó pè.

"Ṣàngódùnní rèé o. Omi ń kọ́?"

Omi ń ṣàn. Múrítàlá dúró ní òdìkejì, ó káwọ́ sẹ́yìn. Èrò ọkọ̀ ń retí, Ṣàngódùnní náà ń retí pé kí ìyá arúgbó fa agbọ̀n rẹ̀. Kò fà á. Sìkírátù ń wo ọkọ rẹ̀ lókèèrè, kò sì dìde. Stephen ti rọ ẹrù sínú ọkọ̀ tirẹ̀, ṣùgbọ́n kò pè, ó jókòó. Oòrùn mú. Ẹ̀fọ́ ti ń rọ nínú agbọ̀n, obìnrin kan bomi wọ́n ọn, ó tún jókòó. Ṣàngódùnní kò jẹ́ ti ọkọ̀ náà sómi láìrí ìdáhùn pẹ̀lú èèyàn nínú. Ó tún pè, orúkọ kan náà.

Múrítàlá yíjú sí àwọn àpáta. Ó wò wọ́n pẹ́, bí ó ti ń wò wọ́n fún gbogbo atukọ̀. Lẹ́yìn náà ló fi ọwọ́ ká ẹnu.

"Ṣàngódùnní. Omi bo àpáta kejì. Gba apá ọ̀tún, kó o máa bọ̀."

Ṣàngódùnní dúró gbagidi, àjẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti pè títí débi pé kò mọ ohun tí èèyàn ń ṣe lẹ́yìn tí wọ́n bá dáhùn. Sìkírátù fọwọ́ kàn án lẹ́sẹ̀.

"Wọ́n ti dá ẹ lóhùn. Ṣé o ò gbọ́ ni?"

"Mo gbọ́," ló wí, ó fi etí ìró nu ojú rẹ̀, ó sì ti ọkọ̀ sómi.