Nígbà Tí A Ṣe Ilé Màámi Lọ́ṣọ̀ọ́ fún Títà

Òórùn ọ̀dà tuntun ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí. Ọ̀dà aláwọ̀ wàrà tí a fi kun pálọ̀ màámi ní Iléṣà, tó dà pọ̀ mọ́ òórùn ewé tíì tí éjẹ́ǹtì ní ká máa sè lórí iná kí ilé lè máa ta sánsán. Títí dòní, bí mo bá gba ẹ̀gbẹ́ ilé tí wọ́n ń kùn lọ́wọ́ kọjá níbí ní Òṣogbo, ọkàn mi á kọ́kọ́ dàrú díẹ̀ kó tó rántí pé kì í ṣe tiwa.

Ìwọ náà mọ bí àwọn ilé àtijọ́ Iléṣà ṣe máa ń wà lórí òkè, tí àtẹ̀gùn á ti gba gbogbo agbára ẹni kéèyàn tó dé ẹnu ọ̀nà. Bàbá mi ló kọ́ tiwa, ó sì ti pẹ́ tó ti kú. Màámi nìkan ló kù níbẹ̀, èmi nìkan sì ni ọmọ tó bí. Ó ṣubú lórí àtẹ̀gùn yẹn lẹ́ẹ̀kan, ó tún ṣubú lẹ́bàá kànga, dókítà sì sọ ọ́ lójú mi pé bó bá tún fi lè ṣubú, ó ṣeé ṣe kó má dìde mọ́. Èmi kò lè fi iṣẹ́ olùkọ́ mi sílẹ̀ ní Òṣogbo, òun náà kò sì lè dá gbé mọ́. Màámi fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ jáde lọ́jọ́ kan. "Bá mi ta ulé yìí, kí n máa bá ọ lọ." Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń rán mi pé kí n bá òun ra ọṣẹ wá. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Mi ò mọ nǹkan kan.

Àwọn tó kọ́kọ́ wá wo ilé kàn yọjú ni, wọ́n sì padà. Éjẹ́ǹtì wa, ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tó máa ń wọ kóòtù nínú oòrùn, wá jókòó tì mí, ó ní ilé náà ṣókùnkùn jù, ẹrù ti pọ̀ jù nínú rẹ̀, ó sì ń rùn bí ilé arúgbó. Inú bí mi, àmọ́ òótọ́ ló sọ. Ó ní ká kùn ún, ká pààrọ̀ kọ́tìnnì, ká kó iṣu àti kẹ́ẹ̀gì kúrò lábẹ́ fèrèsé, ká sì yọ gbogbo kálẹ́ńdà ìsìnkú tó yí ògiri pálọ̀ ká. Òun á bá wa yá àga tuntun lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ òun tó ń ta àga. "Ẹni tó bá fẹ́ ra ilé gbọ́dọ̀ lè rí ara ẹ̀ nínú ẹ̀, àǹtí. Ní báyìí, òkú nìkan ni wọ́n ń rí."

Bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Màámi jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ń wo àwọn kunlékunlé bí ẹni tó ń wo òjò. Mo rò pé ó ń ṣọ̀fọ̀ ilé rẹ̀, mo sì ń rọra rìn kọjá lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí kọ́tìnnì dé, ṣe ni ara rẹ̀ yá gágá. Ó dìde, ó fi ọwọ́ pa á wò, ó ní wọn ò so ó dọ́gba. Nígbà tí àga dé, òun ló ń júwe ibi tí wọ́n á gbé e sí. "Ibí yìí làwọn àgbà wọn á jókòó sí. Àwọn obìnrin á wà lọ́hùn-ún." Mo ní àgbà wo, ó ní àgbà àwọn tó ń bọ̀ ni. Ẹni tí kì í jẹun yó mọ́ tẹ́lẹ̀ ló wá ń fi aṣọ nu ara àga àyálò láràárọ̀. Ó yẹ kí inú mi dùn, ó sì dùn, àmọ́ ó ń kọ mí lóminú bákan náà. Ṣé ẹni tó fẹ́ fi ilé sílẹ̀ máa ń ṣe báyìí ni?

Éjẹ́ǹtì ti kìlọ̀ fún mi pé kò dáa kí onílé wà nílé nígbà tí olùrà bá ń wo ilé. Mo sọ fún màámi pé ká jọ lọ jókòó sí ṣọ́ọ̀ṣì títí wọn á fi lọ. Ó wò mí bí ẹni pé orí mi ti dàrú. "Kí n má sí ńlé? Ta ni ó wá gbà wọ́n?" A ò lọ mọ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí àwọn olùrà ń bọ̀, Àlájà tó ń ta aṣọ ní ilé tó kángun sí tiwa wọlé tòun ti abọ́ móínmóín ńlá kan. "Ẹ kú ìpalẹ̀mọ́ o. Àlàmúdù lílàhì, ojú wa rí i." Ó wò mí lókè, ó wò mí nílẹ̀. "Lọ wọ nǹkan gidi sára, ọmọ mi. Wọn ò ní í pẹ́ dé." Mo wọ yàrá lọ, mo pààrọ̀ aṣọ tán pátápátá kí n tó bi ara mi pé kí ni mo ń tìtorí rẹ̀ pààrọ̀ aṣọ. Nígbà tí mo jáde, àwọn ìyá méjì míì ládùúgbò ti jókòó lórí àga àyálò, màámi sì wà láàárín wọn nínú léèsì tí mi ò rí lára rẹ̀ mọ́ láti ìgbà tí bàbá mi ti wà láyé.

Olùrà náà jẹ́ ará Ìbòkun, òṣìṣẹ́ ìjọba kan tí ìyàwó rẹ̀ wà ní Àbújá. Ó mú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin àti àbúrò bàbá rẹ̀ kan tó ti darúgbó dání, nítorí èèyàn kì í sábà dá ra ilé láìmú àgbà wá. Ẹ̀gbọ́n náà gbé apẹ̀rẹ̀ èso lọ́wọ́, torí wọ́n gbọ́ pé ìyá àgbàlagbà wà nínú ilé, wọn ò sì fẹ́ wọlé lọ́wọ́ òfo. Bí àwọn ìyá ṣe rí apẹ̀rẹ̀ yẹn, wọ́n wo ara wọn, wọ́n mi orí. Màámi sì dìde, ó la ọwọ́ méjèèjì. "Ẹ kú àbọ̀ o, ẹ̀yin àna wa."

Éjẹ́ǹtì la ẹnu, kò rí i pa dé. Ní tèmi, ojú tì mí débi pé ó wù mí kí n gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn sá lọ. Mo ti lé ní ogójì ọdún, mi ò lọ́kọ, ó sì ti pẹ́ tí màámi ti ṣíwọ́ àtimáa bi mí nípa rẹ̀. Ohun tó kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn ni pé ogbó ti dé ọpọlọ rẹ̀. Ohun tó tẹ̀ lé e ni pé àwọn èèyàn yìí náà máa padà, àtẹ̀gùn yẹn á sì pa á.

Bàbá àgbà yẹn ló gbà wá sílẹ̀. Ó wo màámi, ó wo àwọn ìyá, ó wo móínmóín lórí tábìlì, ó wá wo ojú mi tó ti pọ́n. Ó ṣí fìlà. "A bá yín láyọ̀ o, Yèyé. Ọmọ yín la mú wá." Ó fi ìgúnpá gún ọkùnrin náà, òun náà sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja pẹ̀lú ṣòkòtò tó ti lọ̀. Màámi gbàdúrà fún un títí tí éjẹ́ǹtì fi ń wo aago.

Lẹ́yìn náà ni màámi fa ọkùnrin náà lọ́wọ́ dìde, ó ní kó wá wo inú ilé. Ó mú un kiri láti yàrá dé yàrá, ó ń fi ibi tí òjò ń gbà wọlé hàn án, fèrèsé tí kì í tì dáadáa, àti ibi tí ọ̀dà tuntun bo ògiri tó là. Éjẹ́ǹtì di orí mú. Bí ọkùnrin náà ṣe ń kan ògiri gbọ̀n-gbọ̀n, Àlájà fẹnu sí mi létí. "Ọkọ rẹ yìí mà fẹ́ràn bíríkì o." Mi ò mọ̀ bóyá kí n rẹ́rìn-ín tàbí kí n sunkún. Wọ́n jẹ móínmóín, wọ́n dúpẹ́, wọ́n lọ.

Nígbà tó ku àwa méjì, mo ní, "Màámi, kí lẹ sọ fún àwọn èèyàn yìí?" Ó ń tú gèlè rẹ̀. "Ṣé kí n sọ fún wọn pé mo ń ta ulé ọkọ mi ni? Bí mo bá ń lọ bá ọmọ mi ńlé ọkọ, wọ́n á sìn mí sọ́nà. Bó bá jẹ́ pé ulé ni mo tà, ojú fèrèsé ni wọ́n á ti máa wò mí." Orí mi ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ máa pé ni nígbà tó tún rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ọmọ yẹn mọ̀ ọ́n dọ̀bálẹ̀, àbí?" Gbogbo rẹ̀ tún dàrú mọ́ mi lójú.

Ọkùnrin ará Ìbòkun ra ilé náà. Lọ́jọ́ tí mo wá kó màámi, àdúgbò tú jáde. Wọ́n gbé e sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn bí ẹni gbé ẹyin, wọ́n ń súre, wọ́n ń kọrin, kò sì sẹ́ni tó káàánú rẹ̀. Èmi jókòó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ dẹ́rẹ́bà bí ìyàwó ojú ọ̀nà tí kò mọ ẹni tó fẹ́ òun.

Kò pẹ́ púpọ̀ tí Àlájà fi pè mí lórí fóònù. "Ọkọ rẹ ti kó dé o. Ó mú ìyàwó ẹ̀ dání, ọmọbìnrin tó mọ èèyàn kí." Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kólòlò, mo ní, "Àlájà, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn..." Ó dá mi dúró. "Ọ̀rọ̀ wo? Ta ni ò mọ̀? Ṣe bí ojú wa ni éjẹ́ǹtì ṣe ń mú wọn wá, tí wọ́n ń wọn ilẹ̀ kiri? Ìyá rẹ ní àna òun ń bọ̀, àwa náà bá a gba àna. Kí lo fẹ́ ká ṣe?"

Mo gbé fóònù sílẹ̀, mo jáde síta. Màámi ń bó ẹ̀gúsí níwájú ilé. "Àlájà nù-un? Ṣé ó bèèrè àwọn àna wa?" Mo wo ojú rẹ̀ títí. Mo fẹ́ bi í bóyá ó mọ̀ pé wọ́n mọ̀. Mo fẹ́ bi í bóyá ìtìjú lásán ló bo mọ́lẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, tàbí ó kàn fẹ́ gba àna lẹ́ẹ̀kan nínú ilé yẹn kó tó jáde níbẹ̀. Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni, "Ó bèèrè wọn. Ó ní ara wọn le." Ó ní ó dáa, ó sì ń bá ẹ̀gúsí rẹ̀ lọ.

Mi ò bi í títí dòní, mi ò sì rò pé mo máa bi í mọ́. Èmi àti éjẹ́ǹtì rò pé ẹni tó ń wọlé bọ̀ la ṣe ilé yẹn lọ́ṣọ̀ọ́ fún. Ẹni tó ń jáde ni gbogbo àdúgbò bá wa ṣe é fún.