Irin Tí A Kò Fi Sípánà Lù

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ń ti Mọ̀lété bọ̀, mo fẹ́ sọdá síbi tí màá ti wọ mọ́tò padà sí Bẹẹrẹ, ni mo gbọ́ ìró kan tí ẹsẹ̀ mi fi kọ̀ tí kò gbéra mọ́. Gbìnnn. Ó dákẹ́, ó tún dún. Ọmọkùnrin kan ló ń lu irin tó fẹ́ rà lọ́wọ́ bàbá arúgbó kan tó ń ta àlòkù irin mọ́tò. Bàbá náà fúnra wọn ló na sípánà sí i. "Lù ú dáadáa, ọmọ mi," ni wọ́n wí, "kọ́kàn ẹ balẹ̀." Ọlọ́kadà kan bú mi pé ṣé ojú títì ni mo fẹ́ sùn sí ni. Omi ti gba ojú mi.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ ò lè mọ ohun tó wà nínú ọ̀rọ̀ bàbá yẹn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kí inú mi lè fúyẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mi ò rò pé yóò fúyẹ́.

Beyerúnká ni agboolé wa wà. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, bọ́ọ̀sì bàbá mi ló jókòó síwájú ilé lábẹ́ igi máńgòrò. Bàbá mi ti kú, bọ́ọ̀sì náà sì ti dákẹ́ ṣáájú wọn, torí omi gbẹ nínú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́. Adìyẹ ń yé sábẹ́ àga dírẹ́bà. Àwa ọmọdé ń wà á lọ sí Mẹ́kà lójoojúmọ́ láì kúrò lójú kan. Àwọn àgbà ilé ní mọ́tò tí kò lọ tí kò bọ̀ ti di òkú, kí wọ́n tà á fún àwọn tó ń gé irin. Ẹ̀gbọ́n mi, Bùrọ̀dá Múfú, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbòmìnira lẹ́nu iṣẹ́ mẹkáníìkì, dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún wọn. "Ẹ fún mi dìgbà Iléyá. Tí kò bá jí, ẹ tà á." Wọ́n gbà.

Tọ́ọ̀pù ló pa ẹ́ńjìnnì náà, ìyẹn irin ńlá tó dé e lórí, níbi tí afẹ́fẹ́ àti epo ń gbà wọlé tí èéfín ń gbà jáde. Tuntun kò ṣeé fẹnu kàn nílé wa, àlòkù la máa wá. Bùrọ̀dá Múfú kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ṣà á, bí ìyá wa ṣe kọ́ mi láti ṣa iṣu. Ó ní kí n má wo ọ̀dà tí wọ́n fi kùn ún, ẹlẹ́tàn lọ̀dà. Kí n gbé rúlà irin lé ojú rẹ̀, kí n wò ó bóyá ìmọ́lẹ̀ ń yọ lábẹ́, torí èyí tí iná ti jẹ máa ń tẹ̀. Kí n wá fi okùn gbé e kọ́, kí n sì rọra fi sípánà lù ú. Èyí tára rẹ̀ le máa dún gbìnnn bí agogo ilé ìwé. Èyí tó ti sán nínú máa ń dún kọ̀, bí igbá tó fọ́. Ó ní sísán lè fara pamọ́ fún ojú, kò lè fara pamọ́ fún etí.

Ó rí ọ̀kan ní Mọ̀lété lọ́wọ́ àjèjì kan. Ó lù ú níṣojú mi, ó dún gbìnnn, ìró ẹ̀ ò sì tíì kúrò létí mi dòní. Ó bẹ ọkùnrin náà pé kó bá òun fi pamọ́, òun ń bọ̀.

Àṣé etí ilé ti gbọ́. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Onírin torí àlòkù irin lòun náà ń tà nísàlẹ̀ Mápó, ránṣẹ́ pe ìyá mi. "Èmi wà láyé, ọmọ àbúrò mi ń lọ ra irin lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ̀ rí? Kí ayé lè sọ pé a ò fẹ́ràn ara wa?" Ìyá mi wálé, wọ́n ní, "Múfú, ra ti bàbá rẹ, kí ẹnu má baà kùn wá." Ọ̀rọ̀ tán nìyẹn.

Ẹ má dá mi lẹ́bi pé mi ò pe Bàbá Onírin ní "wọn" nínú ìtàn yìí. Ọ̀wọ̀ tó yẹ kí n bù fún un, ẹ̀gbọ́n mi ti bù ú fún un tán. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi la jọ lọ. A bá a lórí táyà tó jókòó sí, tẹ̀súbáà lọ́wọ́ rẹ̀, tọ́ọ̀pù náà nílẹ̀ níwájú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi dọ̀bálẹ̀, ó kí i, ó gbé rúlà lé irin náà, ojú rẹ̀ gún régé. Ló bá fa sípánà yọ lápò. Bàbá Onírin dá tẹ̀súbáà dúró. "Kí lo fẹ́ fìyẹn ṣe? Ṣé èmi tí mo sọ ẹ́ lórúkọ lo fẹ́ dán wò?"

Lágboolé wa nígbà náà, ọmọ tó bá lu ọjà àgbà ilé rẹ̀ lójú àgbà náà, òpùrọ́ ló pè é. Sípánà padà sápò. "Ẹ má bínú, sà," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. Bàbá Onírin ṣàdúrà sórí irin náà, a sì gbé e wálé; nílé pàápàá, ẹ̀gbọ́n mi kò lù ú, torí etí ilé á gbọ́.

Háà, ẹ wá wo iṣẹ́ lágbàlá wa! Àwọn ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá nínú tọ́ọ̀pù náà rí pálapàla. Ẹ̀gbọ́n mi fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí wọn, ó ń fi fáìlì fẹ̀ wọ́n díẹ̀díẹ̀. Ó ní ẹ́ńjìnnì tí kò bá mí délẹ̀ kò lè gun òkè Mápó. Ó wé sáńpépà mọ́ igi, ó fi ń ha inú ihò lójoojúmọ́, ó sì ń ṣọ́ra gidigidi, torí omi tó ń tu ẹ́ńjìnnì lára ń gba ẹ̀yìn irin yẹn kọjá; bí fáìlì bá jẹun jù, omi á jò. Á ní kí n ti ìka bọ̀ ọ́. "Báwo ló ṣe rí?" Màá ní, "Ó ń yọ̀ bí inú àwo tánganran." Inú rẹ̀ á dùn. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì yí àwọn fáàfù, ìyẹn àwọn ìlẹ̀kùn kéékèèké tó ń ṣí ihò náà tó sì ń tì í, lójú ìjókòó wọn, bí ìgbà tí ìyá wa bá ń yí ìjábẹ̀, títí wọ́n fi jókòó pinpin. A da kẹrosíìnì sí i, ilẹ̀ ṣú, ilẹ̀ mọ́, ẹ̀kán kan ò jò. Òórùn kẹrosíìnì àti ìyẹ̀fun irin wọ aṣọ rẹ̀ débi pé ìyá mi kì í jẹ́ kó fi kan ẹní ìkírun.

Lẹ́yìn ìrun Àláásárì ló ṣáná sí i. Ó dún! Ìyá mi ń ké Alihamudulilai, omijé ń bọ́ lójú wọn. A rọ́ wọnú bọ́ọ̀sì, adìyẹ fò jáde, a dorí kọ òkè Mápó. Ó ń gùn ún o, ó ń gùn ún. Kò tíì dókè tí èéfín funfun fi bò wá mọ́lẹ̀. Ojú sísán kan wà nínú irin náà tó pa ẹnu dé nígbà tó tutù. Iná mú un tán, ó lanu. Omi ti wọnú ọ́ìlì, ó ti funfun bí ògì. A ti bọ́ọ̀sì náà padà sílé.

Ẹ̀gbọ́n mi tú tọ́ọ̀pù, ó fi okùn gbé e kọ́ sára igi máńgòrò lójú gbogbo agboolé, ó sì lù ú. Kọ̀.

Bàbá Onírin dé, ó yọjú wo inú àwọn ihò tó ń dán. "Ẹ ò rí i? Fáìlì ló fi dá a lu. Irin tó pé ni mo gbé fún un." Àárín ìjókòó fáàfù méjì ló ti sán, níbi tí fáìlì ò dé rárá, èmi ọmọdé rí i kedere. Ṣùgbọ́n àgbà ti sọ̀rọ̀, gbogbo ilé ní bẹ́ẹ̀ ni. Ìyá mi gan-an wolẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi sáré lọ sí Mọ̀lété, wọ́n ti ra tọ̀hún lọ. Iléyá dé, wọ́n ta bọ́ọ̀sì. Ẹ fẹ́ mọ ẹni tó rà á? Bàbá Onírin ni. Iwájú ilé wa náà ló ti ní kí wọ́n gé e wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà.

Wọn ò tíì gé e tán tí Bùrọ̀dá Múfú fi lọ sókè Ọya. Ìgbà tí ìyá wa kú nìkan ló wá, kò sì sùn sílé. Ọ̀hún ni wọ́n sin òun náà sí.

Nǹkan ti yí padà. Wọ́n ti gé igi máńgòrò, wọ́n ti da kọ̀ǹkéré sí àgbàlá, bàbá arúgbó lè na sípánà sí ọmọ àjèjì, kí ọ̀run má sì ya lulẹ̀. Àmọ́ tọ́ọ̀pù yẹn ṣì wà, òun ni wọ́n fi ń ti géètì. Nígbà tí mo ti Mọ̀lété dé lọ́jọ́ yẹn, mo ti ìka bọ inú ihò rẹ̀. Ìpẹtà ti jẹ ẹ́, dídán tí ẹ̀gbọ́n mi fi ọwọ́ ṣe ti lọ pátápátá. Mo ní káwọn ọmọ fi okùn gbé e kọ́ sára géètì fún mi, mo tọrọ sípánà lọ́wọ́ ayálégbé kan, mo sì lù ú.

Kọ̀.

Ọmọ-ọmọ Bàbá Onírin yọjú láti ojú fèrèsé. "Màmá, ẹ kúuṣẹ́ o. Kí lẹ ń ṣe?"

Mo ní, "Irin tí bàbá yín tà fún wa ni mò ń dán wò."