Ògiri Tó Ń Ṣẹ́jú

UPS kan ń ké pí, pí, pí ní ọ́fíìsì wa lónìí pé bátìrì òun ń tán lọ, ọkàn mi sì padà sí pálọ̀ wa ní Alápẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kan nígbà èwe mi. Iná ti lọ, fáànù ti dúró. Òógùn ń ro tótó lágbọ̀n Bọ̀dá Káyọ̀dé, ẹ̀gbọ́n mi, àmọ́ ojú wọn ò kúrò lára kọ̀ǹpútà tí UPS ṣì ń gbé iná fún. Wọ́n ń kọ́ ilé wa sínú géèmù. Ibi tí ògiri pálọ̀ ti gun ògiri yàrá Mummy ń ṣẹ́jú bíi gílóòbù tó fẹ́ jó.

“Ògiri méjì ò lè dúró sójú kan,” ni wọ́n wí. “Ọ̀kan gbọ́dọ̀ sún.”

Wọ́n rọra fa ọ̀kan sẹ́yìn títí tó fi dákẹ́ jẹ́ẹ́.

Mo wo inú ilé náà: yàrá Daddy, yàrá Mummy, tèmi pẹ̀lú fèrèsé tí mo bẹ̀bẹ̀ fún.

“Bọ̀dá mi, yàrá tiyín ńkọ́?”

“Jẹ́ n kọ́kọ́ save ẹ̀ ná.”

Físà tí wọ́n fẹ́ fi lọ sókè òkun ti jáde nígbà náà. Èmi nìkan ni ò tíì gbọ́ nínú ilé.

Kọ̀ǹpútà kú. Mo fi ìka sójú rẹ̀ tó ti ṣókùnkùn, mò ń fi ibi tí yàrá wọn lè wà hàn wọ́n: lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi, níbi tí ògiri wa á ti fara kan ara wọn, tí ìkankan ò ní sún.