Ọmọ Ilá, Ọmọ Lángyá

Fọ́ọ̀mù ṣọ́ọ̀ṣì ló dá ìjà sílẹ̀ láàárín èmi àti ọmọbìnrin mi, ní ọdún kejì rẹ̀ ní yunifásítì. Wọ́n fẹ́ kọ orúkọ gbogbo ìdílé sínú ìwé kan, wọ́n sì fi àyè sílẹ̀ fún ìlú ẹni. Èmi kọ Ìlá. Nígbà tí mo yọjú wo tirẹ̀, Lawrenceville ló kọ síbẹ̀, ìlú tí a bí i sí lẹ́yìn Atlanta níbí.

Ara mi gbóná. Mo ní, "Lawrenceville? Agboolé wo ni tìẹ ní Lawrenceville? Odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ló máa gbẹ o!" Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni mi ò fi bá a sọ ju "Did you eat?" àti "Ti ilẹ̀kùn" lọ. Inú ń bí mi lóòótọ́, ṣùgbọ́n kí n má parọ́, ẹ̀rù ló ń bà mí jù. Òun nìkan ni mo bí. Bí òun bá ní òun kì í ṣe ará Ìlá, a jẹ́ pé orí mi ni ọ̀nà Ìlá parí sí.

Ní Sátidé, mò ń fi mọ́tò gbé e lọ sí College Park, níbi tó ti ń ṣiṣẹ́ ní hòtẹ́ẹ̀lì kan nítòsí pápá ọkọ̀ òfurufú. Ó yọ ìwé jáde nínú báàgì.

"Daddy, ẹ jẹ́ kí n ka presentation mi sí yín létí. It's for Monday."

Ìtàn ló ń kọ́ ní yunifásítì, èyí tí mo ti bá a jà lé lórí títí tó fi sú mi. Nọ́ọ̀sì ni mo ní kó ṣe. Ṣùgbọ́n ìdákẹ́jẹ́ inú mọ́tò náà ti ń dùn mí, mo ní kó máa kà á.

Orí ẹkùn ìjọba àtijọ́ kan ní Ṣáínà, tó ń jẹ́ Lángyá, ló kọ̀wé sí. Etí òkun ló wà, ní apá ìlà oòrùn. Ọba tó kọ́kọ́ so gbogbo Ṣáínà pọ̀ ló dá a sílẹ̀. Àwọn tó jẹ lẹ́yìn rẹ̀ ń yí ààlà rẹ̀ padà, wọ́n á pè é ní ẹkùn, wọ́n á tún pè é ní ilẹ̀ ọmọ ọba. Mo rẹ́rìn-ín. Inú ìwé ìbí tèmi, Western State ni wọ́n kọ. Kí n tó mọ ìwé kà dáadáa, a ti di ará Ọ̀yọ́. Nígbà tí mo dàgbà, wọ́n ní Ọ̀ṣun ni wá. Ìlá kò sì ṣí kúrò lójú kan.

Ó ní ogun dé láti àríwá, ó ti lé ní ẹgbẹ̀jọ ọdún báyìí. Àwọn ará Lángyá sá, wọ́n sọdá odò ńlá lọ sí gúúsù. Ibẹ̀ ni wọ́n ti dá Lángyá mìíràn sílẹ̀ nítòsí olú ìlú tuntun. Níbẹ̀rẹ̀, kò ní ilẹ̀ kankan tó jẹ́ tirẹ̀. Orúkọ lásán ni, àti àwọn ènìyàn tí a kọ sínú ìwé. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí sí gúúsù, àti ọmọ ọmọ wọn, Lángyá ni wọ́n ń pe ara wọn. Ìgbà tó yá ni ìjọba pàṣẹ pé kí wọ́n máa kọ orúkọ wọn sí ibi tí wọ́n ń gbé.

Ó gbójú kúrò nínú ìwé. "Daddy, those grandkids. Wọn ò dé ibẹ̀ rí. They probably couldn't even say it well. Ṣé irọ́ ni wọ́n ń pa?"

"Irọ́ kẹ̀? Ilé bàbá wọn ni wọ́n ń pè."

"Then why did you laugh at me?"

Mo mọ ọjọ́ tó ń sọ. Ọmọ ọdún méjìlá ni nígbà tí mo mú un lọ sílé. Bàbá àgbà kan bi í ní ìlú tó ti wá. Ó kúnlẹ̀ dáadáa, ó ní, "Ọmọ ilá ni mí, sà." Ohùn rẹ̀ ò wálẹ̀ tó, ó sọ ara rẹ̀ di ọmọ ilá tí a ń fi se ọbẹ̀. Gbogbo agboolé bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ń bi í ta ló gbìn ín. Èmi ni mo rín jù, omi jáde lójú mi. Nígbà tí a padà dé, mo tún ń sọ ọ́ kiri ṣọ́ọ̀ṣì. Láti ìgbà náà, mi ò gbọ́ orúkọ ìlú wa lẹ́nu rẹ̀ mọ́, mi ò sì fura.

Ojú tì mí. Nílé tí wọ́n ti tọ́ mi, bàbá kì í bẹ ọmọ, nítorí náà ó pẹ́ kí n tó lè sọ pé, "Má bínú."

"It's fine." Kò fine. Ṣùgbọ́n nígbà tó fẹ́ bọ́ sílẹ̀, ó ní, "Daddy, ẹ pè é kí n gbọ́." Mo pè é, dò-mí, ó ń tẹ̀ lé mi.

Ní Sọ́ńdè, àlejò àgbàlagbà kan dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, ó bi í pé, "Ọmọ ìlú ibo ni ẹ́?"

Ó wò mí kó tó dáhùn. "Ọmọ ilá ni mí, sà."

Ó tún ṣì í pè. Mo rí i tí ẹ̀rín ń bọ̀ lẹ́nu àlejò náà. Mo tètè dá sí i, mo sì pè é gan-an bí ọmọ mi ṣe pè é.

"Ọmọ ilá ni èmi náà, sà."